Bo Ènìyàn, Má Bo Àrùn

Ẹni tó bá gun ọ̀kan nínú àwọn òkè Ìdáàṣà, tó sì bojú wo ìsàlẹ̀, yóò rí i pé àárín àpáta ni àwọn ilé wa wà. Ìlú olókè 41 ni àwọn àlejò ń pè wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń wá kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn òkè wọ̀nyí ni ààbò àwọn baba ńlá wa. Ẹni tó bá rí ibi sá sí, ó yè; ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, wọ́n kó o lọ. Ìrántí yìí kò tíì kúrò lára wa. Ohun rere ni fífi ara pamọ́ jẹ́ lójú wa. A ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, a sì ń yin ẹni tó mọ àléébù ọmọnìkejì rẹ̀ tí kò sọ ọ́ síta.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ní pàtàkì ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, wá láti inú ẹ̀kọ́ rere yìí gan-an: ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí bíbo àṣírí ènìyàn a máa di ìpalára fún un? Àrùn kan ló mú mi bi ara mi léèrè, àrùn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú ilé wa nígbà tó kọ́kọ́ wọlé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọbìnrin ni, ó ti fún mi láyè láti sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ òun tàbí ilé ẹ̀kọ́ òun. Ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì ni, ó sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Oṣù kẹjọ ni, ìgbà iṣu tuntun, nígbà tí odó iyán ń dún láti agbolé dé agbolé, tí àwọn Kátólíìkì sì ń rọ́ wọ ìlú nítorí ìrìn-àjò mímọ́ sí ihò àpáta Arigbo. Bó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìyá mi dì mọ́ ọn, ó ní: “Ọmọ mi, o mà sanra o!” Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyìn ni. Lójú ìyá mi, ẹni tó sanra ni ara rẹ̀ dá, tí nǹkan sì ń lọ déédéé fún. Mo rí i pé ojú ọmọ náà yí padà, ṣùgbọ́n mo rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun kò jẹ iyán, inú òun kún. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ní òru, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ọbẹ̀ tí a gbé sílẹ̀ a ku ìsàlẹ̀ ìkòkò lásán. Búrẹ́dì, wàrà, gàrí, ẹ̀pà, gbogbo rẹ̀ ń lọ. A kọ́kọ́ na ọmọdé kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi gbọ́ tí ẹnìkan ń bì lẹ́yìn ilé ní òru.

Ẹjọ́ mẹ́ta la dá. Ìyàwó mi ní oyún ni. A mú ọmọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò, kò lóyún, ṣùgbọ́n ìtìjú àyẹ̀wò náà kù sí i lára. Ìyá mi ní àwọn ayé ló ń fún un lóúnjẹ lójú oorun, tí ara rẹ̀ sì ń kọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn aládùúgbò. Èmi tí mo kàwé ní wọ̀bìà ni, mo sì sọ ọ́ sí i létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ìdáná ní alaalẹ́, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí àpò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbàgbé láti tì í. Mo bá a níbẹ̀ nínú òkùnkùn, ó jókòó sílẹ̀, ó ń bu gàrí gbígbẹ sẹ́nu láìdúró, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó ń jẹun báyìí rí. Kò jọ ẹni tó ń gbádùn ohunkóhun. Ó ní: “Bàbá kékeré, n kò mọ bí mo ṣe lè dúró.” Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀: ó ti lé ní ọdún kan tí òun ti ń ṣe é, bí òun bá jẹ tán òun a lọ bì í, òun kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún bàbá òun. Àánú ṣe mí. Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo búra.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá kí n tó mọ orúkọ ohun tí mo búra lé lórí. Búlímíà ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Boulimie ni wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè Faransé. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ebi màlúù. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ọdún 1979 ni Gerald Russell, dókítà àrùn ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàpèjúwe àrùn náà bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, lẹ́yìn tó ti ṣàkíyèsí àwọn aláìsàn 30 tí àmì wọn jọra.

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di àrùn náà. Èkíní, ènìyàn a máa jẹ oúnjẹ tó pọ̀ rékọjá láàárín àkókò kúkúrú, tí yóò sì dà bí ẹni pé kò sí agbára kankan lọ́wọ́ òun láti dá ara òun dúró. Èkejì, ẹ̀rù sísanra a mú un wá ọ̀nà láti pa ohun tó jẹ rẹ́: ó lè bì í, ó lè lo oògùn ìyàgbẹ́, ó lè febi pa ara rẹ̀, tàbí kí ó máa fi eré ìdárayá jẹ ara rẹ̀ níyà. Ẹ̀kẹta, ìrísí ara nìkan ni ó fi ń díwọ̀n iyì ara rẹ̀, bí ẹni pé kò ní ìwà, kò ní ọgbọ́n, kò sì ní ẹbí. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta, àwọn dókítà gbà pé àrùn náà ti wà.

Ẹni tó ní i kì í sábà rù. Ara rẹ̀ lè rí bí ti gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyí tí ojú kì í fi í tètè rí i. Síbẹ̀, ó ń ba ara jẹ́ láti inú. Omi kíkan inú ikùn a máa jẹ eyín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa wú. Ọ̀fun a máa dunni. Èyí tó léwu jù ni pé ara ń pàdánù pòtásíọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn iyọ̀ tí ọkàn nílò kí ó tó lè lù déédéé. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè dáwọ́ dúró lójijì. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Olójúkòkòrò ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹ mọ́ ẹni tí kì í ṣe olójúkòkòrò lára.

Ṣé wọ̀bìà wá ni ọmọ náà bí? Ohun tí mo kọ́kọ́ ní láti tún rò nìyí. Wọ̀bìà ń jẹun nítorí adùn. Kì í tijú àwo rẹ̀. Bí ó bá sì yó, a sùn. Ẹni tó ní búlímíà kì í rí adùn náà, ìtìjú a sì bò ó mọ́lẹ̀ bó bá ti jẹ tán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ̀bìà kò mọ ìkóra-ẹni-níjàánu, ṣùgbọ́n ìjánu ọmọ yìí ti le jù. Nígbà tí mo fara balẹ̀ bi í bí ó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀, ó ní òun kì í jẹun láàárọ̀, òun kì í jẹun lọ́sàn-án, òun a sì máa ka gbogbo òkèlè tó bá wọ ẹnu òun. Bí alẹ́ bá fi lẹ́, ara kò gbọ́ òfin kankan mọ́. Àwọn àgbà ti wí i pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Yóò jẹ àjẹjù. Ẹ̀rù yóò bà á, yóò bì í. Ìtìjú yóò mú un, yóò sì ṣèlérí pé lọ́la òun kò ní fẹnu kan nǹkan kan. Ìlérí náà ni yóò bí ti òru ọ̀la. Nígbà tí mo wá ń sọ fún un pé kí ó kó ara rẹ̀ níjàánu, ṣe ni mo ń da epo sí iná.

Nínú èdè wa, ohùn nìkan ló ya “jẹ, bì” kúrò lára “jẹ̀bi”. Ó dà bí ẹni pé àwa ará ilé kò gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn náà. Oyún, àwọn ayé, wọ̀bìà: ẹ̀sùn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A fi èkíní kan ara ọmọ náà, a fi èkejì kan aládùúgbò, a fi ẹ̀kẹta kan ìwà rẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó béèrè ohun tó ń dùn ún.

Èmi kò sọ pé aláìsàn kò ní ipa kankan nínú ìwòsàn ara rẹ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe kò jẹ̀bi ibà, síbẹ̀ òun ni yóò la ẹnu gba oògùn. Ẹ̀bi ń wo ẹ̀yìn, ó ń béèrè ẹni tó fa ọ̀ràn. Ojúṣe ń wo iwájú, ó ń béèrè ẹni tí yóò ṣe nǹkan sí i. Ẹni tí a bá ti di ẹ̀bi rù títí tí ọrùn rẹ̀ wọ̀, kò lágbára mọ́ láti gbé ojúṣe. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ náà ṣe ipa tirẹ̀, àfi kí a kọ́kọ́ sọ ẹrù ẹ̀bi kalẹ̀ fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé níbi tí a ti ń yin ara sísanra, kò lè rí àyè. Ní ọdún 1992, L. K. Oyewumi àti S. S. Kazarian tẹ ìwádìí jáde nínú East African Medical Journal lórí ìwà búlímíà láàárín àwọn ọ̀dọ́ kan ní Nàìjíríà, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ wa. Ní erékùṣù Fíjì, níbi tí wọ́n ti ń yin ara tó sígbọnlẹ̀ bíi tiwa, tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè kan ní ọdún 1995. Anne Becker, oníwádìí láti Harvard, bi àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ léèrè ní ọdún náà; kò sí ọ̀kan tó sọ pé òun ń bì nítorí kí òun má baà sanra. Nígbà tó padà bi àwọn mìíràn ní ọdún 1998, ìdá 11.3 nínú 100 sọ pé àwọn ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹrù ka àwòrán lórí. Ohun tí ènìyàn jogún lára òbí wà nínú rẹ̀. Ìbànújẹ́ àti àníyàn wà nínú rẹ̀. Ìyà tí ọmọdé jẹ tí kò lè ròyìn lè wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń ní i, ó sì ṣòro fún wọn láti sọ ọ́, nítorí wọ́n rò pé àrùn obìnrin ni. Ní tiwa, oúnjẹ ni ìfẹ́: ní ìlú tí àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Parakou ti ń dúró jẹ iyán lẹ́bàá títì, kíkọ oúnjẹ dà bí kíkọ ẹni tó sè é. Ọ̀dọ́ ìsinsìnyí wá wà láàárín ẹnu méjì. Ìyá àgbà ń yìn ín pé ó sanra, fóònù ń bú u pé ó sanra. Ara rẹ̀ ni ẹnu méjèèjì ń sọ. Kò sí èyí tó bi í bí inú rẹ̀ ti rí.

Mo padà sórí ìbúra mi. Ọmọ náà padà sílé ẹ̀kọ́. Mo ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń sọ pé kò séwu, mo sì gbà á gbọ́ nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n pè wá pé ó dákú lórí àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Dókítà ní pòtásíọ̀mù rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gidigidi, ọkàn rẹ̀ kò sì lù bó ti yẹ. Ó bi í bóyá ó ti ń bì. Ọmọ náà ní rárá. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí.

Òfin àwọn baba wa le lórí irú nǹkan báyìí: ọ̀dàlẹ̀ a bá ilẹ̀ lọ. Mo dúró níbẹ̀, ẹnu mi wúwo. Nígbà tó yá, mo bẹ dókítà pé kí a jọ jáde, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Ó wọlé padà, ó ní kí gbogbo wa yọ̀ǹda rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó yẹ ní ọjọ́ náà, àti pé ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni mí? Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ìhà méjèèjì nínú ọkàn mi. Ìhà kan ní: àgbàlagbà ni ọmọ yìí, òun ló ni àṣírí rẹ̀, bí ẹni tó búra fún un bá lè tú u, ta ni yóò tún sọ òmíràn fún? Ìhà yìí tún ní: gbogbo ọ̀dàlẹ̀ ló ń sọ pé ìfẹ́ ló mú òun ṣe é. Òótọ́ ni, n kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìhà kejì béèrè pé: kí ni ìbúra náà wà fún? Àwa la máa ń sọ pé ènìyàn laṣọ mi. Aṣọ ń bo ìhòòhò lójú àlejò. Ṣùgbọ́n bí egbò bá wà lábẹ́ aṣọ, ẹni tí yóò wẹ egbò náà gbọ́dọ̀ ṣí aṣọ. Bí a bá fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ títí, aṣọ náà gan-an ni yóò lẹ̀ mọ́ egbò.

Àrùn yìí sì ń fi ìpamọ́ ṣe oúnjẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, Diana, tó jẹ́ ìyàwó ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ti bá búlímíà jà fún ọdún mélòó kan. Obìnrin tí gbogbo ayé ń wò lójoojúmọ́ ni. Bí ààfin tó kún fún ojú kò bá dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ilé wa tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lè ṣe?

Ibi tí mo wá fi ìdí ọ̀rọ̀ tì sí nìyí. Àṣìṣe mi kò sí nínú pé mo sọ̀rọ̀ níwájú dókítà. Ó wà nínú pé mo búra nínú òkùnkùn ilé ìdáná. Mo ṣèlérí ohun tí ìfẹ́ kò lè gbé. Ìyàtọ̀ wà láàárín títú àṣírí àti fífi àṣírí lé ọwọ́ ẹni tó lè gbé e. Ẹni tó tú u, ọjà ló tú u sí: ẹbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó fi í léni lọ́wọ́ ń wá ẹni kan tó lè wo àrùn náà, ó ń sọ ìwọ̀nba tó yẹ, ó sì ń jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ ṣáájú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni n kò ṣe, ìyẹn sì ni ọmọ náà fi ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí mi. Bí ẹnìkan bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín, ẹ má fi ìka kan ilẹ̀. Ẹ sọ fún un pé: “N kò ní sọ ọ́ kiri, n kò sì ní fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí pé n kò ní wá ẹni tó lè wò ọ́ sàn. Jẹ́ ká jọ lọ.”

Níbo la ó lọ? Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn wò. Bí ẹni náà bá dákú, bí àyà rẹ̀ bá ń já ségesège, bí ó bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ó bá sọ pé ó sàn kí òun kú, kí ilẹ̀ má ṣú lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìtọ́jú ọkàn. Láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni Christopher Fairburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ti gbé ìtọ́jú alásọyépọ̀ kan kalẹ̀ tí a ti dán wò káàkiri. Ó máa ń gba bí ìpàdé 20. Aláìsàn a máa kọ ohun tó jẹ àti bí inú rẹ̀ ti rí sílẹ̀. A kọ́ láti máa jẹun ní àkókò tó ṣe déédéé, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ pẹ̀lú ìpanu láàárín, kí ebi má baà pọ̀ dé ibi tí ara yóò fi ṣọ̀tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá tú èrò tó fi ara ṣe òṣùwọ̀n iyì palẹ̀. Bí aláìsàn bá kéré lọ́jọ́ orí, àwọn òbí a máa kópa nínú ìtọ́jú náà. Oògùn tó ń jẹ́ fluoxetine náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò yàn án. Ọ̀pọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà pátápátá. Àwọn mìíràn a máa ṣubú, wọn a tún dìde. Ìṣubú kan kò fi hàn pé ìtọ́jú náà já sí asán.

Ní ilé, ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀ bí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má ti ilé ìdáná. Ẹ má tẹ̀lé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ìbáà ṣe ìyìn. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ wà ní àkókò, kí ẹ sì bá a jókòó tì í láìka òkèlè rẹ̀. Bí ó bá ti bì, kí ó fi omi yọ́ ẹnu, kí ó má sì fọ eyín lójú ẹsẹ̀, nítorí omi kíkan náà ti sọ ojú eyín di rírọ̀.

Mo mọ̀ pé orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ, irú èyí tó wà ní Jacquot ní Kútọnu, ń ba ọ̀pọ̀ ẹbí lẹ́rù. Wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn yóò pe ọmọ àwọn ní wèrè. Ìtìjú yìí ni Grégoire Ahongbonon ń bá jà. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni, iṣẹ́ táyà ọkọ̀ ló ń ṣe ní Bouaké ní Côte d'Ivoire kó tó dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ẹbí wọn fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́ igi, tó sì ní ilé ìtọ́jú nílẹ̀ wa náà. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, nítòsí Abẹ́òkúta: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ìbátan kan ń bá wọn gbé, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lambo rí i pé ènìyàn lè jẹ́ aláìsàn láìfi ibi tí ènìyàn wà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè lọ gbàdúrà ní Arigbo, kí ó gùn ún. Àdúrà kò dí ọ̀nà dókítà. Kí ó ṣáà má nìkan lọ.

Ohun kan nìyí tí mo gbàgbé nígbà tí mo ń ronú nípa àwọn òkè wa. Àwọn tó sá gùn wọ́n nígbà ogun, ẹnìkan kò nìkan sá pamọ́ lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀. Ọ̀tá ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n mọ ibi tí ara wọn wà. Bí ọ̀tá bá wà nínú ara ẹni tó sá pamọ́, tí kò sì sí ẹni tó mọ ihò tó wọ̀, òkè náà kò ṣe é láǹfààní.

Ọmọ náà ṣì ń gba ìtọ́jú. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún bàbá rẹ̀ níkẹyìn, ní ọjọ́ tó yàn. Ìyá mi kò mọ orúkọ àrùn náà títí di òní. Ohun kan ṣoṣo tí a bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó má sọ̀rọ̀ nípa ara ọmọ náà mọ́, kò sì bi wá ní ìdí. Ní àkókò iṣu tuntun tó kọjá, ọmọ náà tún sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá mi dì mọ́ ọn. Mo rí i tí ó la ẹnu, tí ó dákẹ́ díẹ̀, tí ó sì wá sọ pé: “Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo dé?”